Ohun tí Ìtọ̀ Ọmọ Lè Sọ: Ọ́tísíìmù àti Àwọn Kòkòrò Inú Ìfun

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àpéjọ àwọn ọmọ Yorùbá ní Calgary

Ìgbìmọ̀ àpéjọ yìí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń dá gbé nínú ilé, tí a kì í fẹ́ kó dé etí ẹnikẹ́ni.

Ní 2019, ìjọba àpapọ̀ Kánádà ṣe ìwádìí ńlá kan lórí ìlera àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Ohun tí wọ́n rí ni pé nínú ọmọ 50 tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 1 sí 17, ọ̀kan ló ní ọ́tísíìmù. Bí a bá rí ọmọbìnrin kan tó ní in, a ó rí ọmọkùnrin bíi mẹ́rin. Ẹ ka iye ọmọ tó ń sáré kiri nínú gbọ̀ngàn yìí, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ara wa là ń sọ.

Òbí tí ọmọ rẹ̀ pé ọdún mẹ́ta tí kò tíì pe ìyá, tí kò pe bàbá, kì í rí oorun sùn. Fóònù ni yóò máa tẹ̀ títí ilẹ̀ ó fi mọ́. Ibẹ̀ ni yóò ti pàdé àwọn tó ní kó gba ìtọ̀ ọmọ náà sínú ìgò kékeré, kó fi ránṣẹ́ pẹ̀lú owó, kí àwọn lè bá a wá kòkòrò tó ń da ọmọ náà láàmú, kí àwọn sì ta oògùn tí yóò lé kòkòrò náà jáde fún un. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tòótọ́ wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, irọ́ sì ti wọ inú rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe lónìí ni láti ya òótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára irọ́.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí. Ìtọ̀ ọmọ ń sọ òótọ́ nípa ohun tó jẹ, àti nípa ohun tí àwọn kòkòrò inú ìfun rẹ̀ fi oúnjẹ náà ṣe. Kò tíì sí ẹni tó lè wo ìtọ̀ kó sọ pé ọmọ yìí ní ọ́tísíìmù, èyí kò ní in. Òbí tó bá mọ ìyàtọ̀ yìí yóò tọ́jú inú ọmọ rẹ̀ bó ṣe yẹ, kò sì ní fi ara ọmọ náà dánra wò.

Kí ni ọ́tísíìmù, kí ló sì kan ìfun?

Ní 1943, Leo Kanner, dókítà ọpọlọ àwọn ọmọdé ní Baltimore, kọ̀wé lórí ọmọ 11 tí ìṣesí wọn jọra: wọn kì í bá ènìyàn dá sí i, wọ́n máa ń fẹ́ kí ohun gbogbo wà bó ṣe wà lánàá, ọ̀nà tí wọ́n gbà ń sọ̀rọ̀ sì yàtọ̀. Láti ìgbà náà ni a ti ń mọ̀ sí i. Ọ́tísíìmù jẹ́ ọ̀nà tí ọpọlọ ọmọ gbà ń dàgbà. Ó ń hàn nínú bí ọmọ ṣe ń bá ènìyàn lò, nínú eré rẹ̀, àti nínú bí ariwo, ìmọ́lẹ̀, òórùn àti oúnjẹ ṣe ń ṣe é lára. Ọmọ kan lè máa sọ̀rọ̀ láìdákẹ́, kí èkejì má sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ohun tí ọmọ jogún láti ara òbí ló kó ipa tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kì í ṣe èpè. Ọmọ náà kì í ṣe emèrè. Kò sì sí ìyá kankan tó fà á nítorí pé kò gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra tó.

Níbí ní Alberta, ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Dókítà àti àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ mìíràn yóò jókòó ti ọmọ, wọ́n á bá a ṣeré, wọ́n á wo ìṣesí rẹ̀, wọ́n á sì bi òbí léèrè bí nǹkan ṣe rí láti ìgbà ìkókó.

Ìfun kàn án nítorí pé inú àwọn ọmọ wọ̀nyí máa ń yọ wọ́n lẹ́nu ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Òmíràn lè lo ọjọ́ mẹ́rin kó má yàgbẹ́. Òmíràn, ìgbẹ́ gbuuru ni tirẹ̀. Ó pẹ́ tí àwọn ìyá ti ń sọ ọ́, ìwádìí lórí ìwádìí sì ti fi hàn pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ìbéèrè tó kù ni bóyá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìfun ló ń fa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ, tàbí ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ náà gbà lọ.

Ìyá kan ní Oslo

Kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé àlá lásán ni pé kí ènìyàn máa wá ọ̀rọ̀ ọpọlọ nínú ìtọ̀, ẹ jẹ́ ká lọ sí ilẹ̀ Nọ́wè. Ní 1934, ìyá kan tó ń jẹ́ Borgny Egeland mú ọmọ rẹ̀ méjì, Liv àti Dag, lọ bá Dókítà Asbjørn Følling ní Oslo. Ọpọlọ àwọn ọmọ náà kò dàgbà bó ṣe yẹ, òórùn kan tí kò yé ìyá wọn sì ń jáde lára wọn. Ó ti gbé wọn kiri ọ̀dọ̀ dókítà, kò rí ẹni tó lè ṣàlàyé.

Følling kán èròjà kan tí wọ́n ń pè ní ferric chloride sínú ìtọ̀ wọn. Ìtọ̀ náà di àwọ̀ ewé. Kò rí irú rẹ̀ rí. Ó ní kí ìyá náà máa gbé ìtọ̀ wá sí i, ìyá náà kò sì yé gbé e wá, títí Følling fi rí èròjà tó ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà, ó yẹ ìtọ̀ àwọn aláìsàn ọpọlọ 430 wò ní àwọn ilé ìtọ́jú, ó sì rí ẹni 8 tí tiwọn náà di àwọ̀ ewé. Ẹ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí ni kò lè yí phenylalanine padà. Èròjà yìí wà nínú ẹran, wàrà, ẹyin àti ẹ̀wà. Bí kò bá rí ọ̀nà jáde, á kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀, á sì máa ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Àìsàn yìí ni à ń pè ní PKU.

Ní 1953, Horst Bickel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Birmingham ròyìn pé nígbà tí àwọn dín phenylalanine kù nínú oúnjẹ ọmọ kan, ìṣesí ọmọ náà yí padà sí rere. Nígbà tí wọ́n dá a padà sínú oúnjẹ náà, ọmọ náà tún rẹ̀yìn. Gbogbo ìyá tó bímọ sí Calgary rántí nọ́ọ̀sì tó gún gìgísẹ̀ ìkókó, tó kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí páálí kí wọ́n tó kúrò ní ọsibítù tàbí láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. PKU wà lára ohun tí wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ọmọ tí wọ́n bá tètè rí, tí wọ́n sì yí oúnjẹ rẹ̀ padà, yóò dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Mo sọ ìtàn yìí nítorí pé ó fún wa ní ìbéèrè mẹ́ta tí a ó máa bi ẹnikẹ́ni tó bá ní òun rí àmì àìsàn nínú ìtọ̀ ọmọ wa. Èkíní: ṣé gbogbo ẹni tó ní àìsàn náà ló ní àmì yìí, ṣé ẹni tí kò sì ní àìsàn náà kò ní in? Èkejì: ṣé a mọ ohun tó gbé àmì náà dé inú ìtọ̀? Ẹ̀kẹta: bí a bá mú ohun náà kúrò, ṣé ara ọmọ ń yá, ṣé ẹlòmíràn sì ti tún un ṣe tó rí ohun kan náà? PKU dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bí iṣẹ́ kòkòrò ṣe ń dé inú ìtọ̀

Nínú ìfun ńlá wa, ẹgbàágbèje bakitéríà ló ń gbé, ọ̀pọ̀ wọn sì ń ṣe wá lóore. Oúnjẹ tí àwa kò lè dà ni wọ́n ń jẹ. Nígbà tí ọmọ bá jẹ ọsàn, ẹ̀fọ́ tàbí ẹ̀wà, bakitéríà á fọ́ àwọn èròjà ara ewéko náà títí díẹ̀ nínú wọn á fi di benzoate. Benzoate á wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ á so ó pọ̀ mọ́ glycine, á di hippurate, kíndìnrín á sì sẹ́ ẹ sínú ìtọ̀. Bákan náà, àwọn bakitéríà kan máa ń sọ tyrosine, tó ń wá láti ara ẹran, ẹja àti wàrà, di p-cresol. Èyí wà lára ohun tó ń fún ilé ẹlẹ́dẹ̀ ní òórùn rẹ̀. Òun náà ń gba ara kọjá, ó ń bọ́ sínú ìtọ̀. Ẹ̀kẹta tí orúkọ rẹ̀ ń jáde nínú àwọn ìwádìí wọ̀nyí ni phenylacetylglutamine, tí bakitéríà bẹ̀rẹ̀ tí ẹ̀dọ̀ sì parí.

Ní láàbù, ojú lásán kọ́ ni wọ́n fi ń wo ìtọ̀. Inú fìríìsà tí òtútù rẹ̀ tó -80 ni wọ́n ń kó o pamọ́ sí. Bí wọ́n bá yọ́ ọ tán, wọ́n á fi ẹ̀rọ yí i kí pàǹtírí rẹ̀ lè rọ̀ sísàlẹ̀, wọ́n á fa díẹ̀ nínú omi òkè rẹ̀ sínú ọ̀pá gíláàsì tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mìlímítà 5 lọ, wọ́n á sì sọ ọ́ sáàrin òòfà ńlá kan. Ìlà gígùn kan ni yóò jáde lójú kọ̀ǹpútà, tí á máa gòkè tí á máa sọ̀ kalẹ̀. Ibi tí góńgó kọ̀ọ̀kan ti yọ ń sọ irú èròjà tó jẹ́, ìwọ̀n rẹ̀ sì ń sọ bó ṣe pọ̀ tó. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú góńgó bẹ́ẹ̀ ló máa ń wà nínú ìtọ̀ ọmọ kan ṣoṣo.

Ìtọ̀ dà bí ààtàn ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tó bá mọ ààtàn yẹ̀ wò yóò mọ̀ pé wọ́n bó iṣu nílé yìí lánàá, pé wọ́n pa adìẹ, pé ewúrẹ́ wá jẹ èèpo. Kò lè ti ibẹ̀ mọ irú ẹni tí onílé jẹ́.

Ohun tí àwọn olùwádìí rí

Ní 2010, àwọn olùwádìí láti Imperial College ní London àti Yunifásítì South Australia gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n yẹ ìtọ̀ ọmọ 39 tó ní ọ́tísíìmù wò, pẹ̀lú ti àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n irú wọn 28 tí kò ní in, àti ti ọmọ mìíràn 34. Ọmọ ọdún 3 sí 9 ni wọ́n. Wọ́n rí i pé hippurate àti phenylacetylglutamine kéré nínú ìtọ̀ àwọn tó ní ọ́tísíìmù. Ní 2011, Antonio Persico àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì fi ìtọ̀ ọmọ 59 tó ní ọ́tísíìmù wé ti ọmọ 59 tí kò ní in. P-cresol pọ̀ nínú ti àwọn tó ní in, pàápàá àwọn tí kò tíì pé ọdún 8. Wọ́n tún wò ó lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé àìrígbẹ́yà dá kún un: bí ìgbẹ́ bá ṣe pẹ́ nínú ìfun tó, bẹ́ẹ̀ ni bakitéríà ṣe ń ráyè ṣe p-cresol tó.

Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta wa. Ṣé gbogbo ọmọ tó ní ọ́tísíìmù ló ní àmì yìí? Rárá. Ìpíndọ́gba ló yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ nínú àwùjọ méjèèjì ló ní iye kan náà, a kò sì lè fi ìpíndọ́gba àwùjọ dá ọmọ kan lẹ́jọ́. Ṣé a mọ ohun tó gbé e débẹ̀? A mọ díẹ̀, ohun tí a sì mọ̀ náà ni oúnjẹ àti ìgbẹ́. Ṣé bí a bá mú un kúrò, ara ọmọ ń yá? Kò tíì sí ẹni tó fi hàn.

Níbi tábìlì oúnjẹ

Ohun tí àwọn olùtajà àyẹ̀wò kì í sọ fún òbí wà lórí tábìlì oúnjẹ. Ẹ wo ọmọ ọdún márùn-ún kan tó ní ọ́tísíìmù. Ìrẹsì funfun ló ń jẹ, láìsí ọbẹ̀. Bí ọbẹ̀ bá kan etí abọ́ náà, kò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Ó ń jẹ búrẹ́dì tí wọ́n gé etí rẹ̀ kúrò, indomie tí kò ní ata, àti bisikíìtì láti inú páálí kan pàtó. Bí ilé iṣẹ́ bá yí àwọ̀ páálí padà, ó parí. Ẹ̀fọ́ ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó ń bì í. Ọsàn ní okùn nínú, ó ń tu ú dànù. Ìyá rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́, ó ti nà án, ó ti sunkún. Ọmọ náà kò ya aláìgbọràn. Ẹnu rẹ̀ ló ń gbọ́ ohun tí ẹnu tiwa kì í gbọ́.

Kí ni a ó rí nínú ìtọ̀ ọmọ tí kò jẹ ẹ̀fọ́, tí kò jẹ èso, tí kò jẹ ẹ̀wà? Hippurate rẹ̀ yóò kéré. Kí ni a ó rí nínú ìtọ̀ ọmọ tí oúnjẹ rẹ̀ kò ní ìyẹ̀fun tí a kò yọ èèpo rẹ̀ àti ewé tí ń ti ìgbẹ́ jáde? Ìgbẹ́ yóò le, p-cresol yóò pọ̀ sí i.

Ní 2021, Chloe Yap, Jacob Gratten àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Queensland, Australia, gbé èsì ìwádìí lórí ìgbẹ́ ọmọ 247 jáde nínú ìwé ìròyìn Cell. 99 nínú wọn ló ní ọ́tísíìmù, 51 jẹ́ ọmọ ìyá irú wọn, 97 kò bá wọn tan. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìbátan tó wà láàrin ọ́tísíìmù gan-an àti bakitéríà inú ìfun kò tó nǹkan. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà lọ ni pé ìṣesí ọ́tísíìmù ń jẹ́ kí ọmọ máa ṣa oúnjẹ jẹ, oúnjẹ tí kò yàtọ̀ síra ń dín oríṣiríṣi bakitéríà kù, èyí sì ń hàn nínú bí ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Láti ẹnu lọ sí ìfun ni, kì í ṣe láti ìfun lọ sí ọpọlọ. Ìwádìí kan kò lè parí ẹjọ́. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ fún wa pé kòkòrò ló fa ọ́tísíìmù ọmọ wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní Calgary

Ìlú tí à ń gbé yìí kò kẹ́yìn nínú ìmọ̀ nípa ìfun. Ní 2013, Dókítà Thomas Louie ti Yunifásítì Calgary ròyìn pé òun kó bakitéríà inú ìgbẹ́ àwọn tí ara wọn le sínú kápúsù, pé aláìsàn 27 gbé e mì, gbogbo wọn sì bọ́ lọ́wọ́ Clostridioides difficile, kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru tó ń padà wá léraléra lẹ́yìn oògùn apakòkòrò. Ní 2017, ìwádìí tó tóbi ju ìyẹn lọ láti Edmonton jẹ́rìí sí kápúsù náà. A mọ kòkòrò tó fà á, a mọ ohun tó gbé e wá, ẹlòmíràn tún un ṣe ó sì rí ohun kan náà. Ìyẹn ni ìtọ́jú.

Ní 2016, Jane Shearer, Jong Rho àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Calgary ṣiṣẹ́ lórí irú eku kan tí wọ́n ń pè ní BTBR, tí kì í fẹ́ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ da nǹkan pọ̀, tó sì máa ń lá ara rẹ̀ léraléra. Wọ́n fún un ní oúnjẹ tí ìdá 75 nínú 100 agbára rẹ̀ wá láti inú ọ̀rá, fún ọjọ́ 10 sí 14. Bakitéríà inú ìfun rẹ̀ dín kù, ọ̀kan nínú wọn tó pọ̀ jù, Akkermansia muciniphila, sì wálẹ̀. Èyí fi hàn pé oúnjẹ lè yí ìfun padà kíákíá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ eku ni, kí òbí má sì torí rẹ̀ máa bu òróró lé oúnjẹ ọmọ rẹ̀ lórí.

Láti 2009 ni àwọn ìyá tó ju 2,000 lọ ní Calgary àti Edmonton ti gbà kí àwọn olùwádìí máa tẹ̀ lé oyún wọn àti ọmọ wọn, nínú iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní APrON. Lára àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ni Deborah Dewey, Marie-Claire Arrieta àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti wo bakitéríà ìfun àti ìṣesí ọmọ tí kò tíì wọ ilé ìwé. Wọ́n ṣì ń wá ìbátan tó wà láàrin bakitéríà àti ìṣesí. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi gbogbo ọjọ́ ṣe é, ta ni yóò fi ìgò ìtọ̀ kan ṣoṣo sọ tiwa fún wa?

Ìrètí tí wọ́n ń tà

Sísọ pé ìfun ló fa ọ́tísíìmù ti pa òbí lára rí. Ní 1998, Andrew Wakefield kọ̀wé nípa ọmọ 12 ní London, ó so àìsàn ìfun, ọ́tísíìmù àti abẹ́rẹ́ àjẹsára pọ̀. Ìwé ìròyìn The Lancet fagi lé ìwé náà ní 2010, nítorí pé ọwọ́ tí wọ́n fi ṣe é kò mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó dá sílẹ̀ kò tíì tán. Ní 2017, àrùn èéyi jà láàrin àwọn ọmọ Sòmálíà ní Minnesota tí òbí wọn ti dẹ́kun gbígba abẹ́rẹ́ náà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé secretin dé, èròjà kan tó ń wá láti inú ìfun. Òkìkí rẹ̀ kàn pé ó ń wo ọ́tísíìmù. Ní 1999, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà fi í dán ọmọ 60 wò. Wọ́n fún àwọn kan ní secretin, wọ́n fún àwọn yòókù ní omi iyọ̀ lásán, òbí kò sì mọ èyí tí ọmọ rẹ̀ gbà. Àwùjọ méjèèjì ní ìyàtọ̀ díẹ̀ sí rere, bákan náà ni. Nígbà tí wọ́n sọ èsì yìí fún àwọn òbí, ìdá 69 nínú 100 wọn ní àwọn ṣì fẹ́ secretin. Mi ò bá wọn wí. Ìfẹ́ ọmọ ló ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ́ wa pé ojú òbí nìkan kò tó láti mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́.

Ní 2000, wọ́n fún ọmọ 11 ní vancomycin, oògùn apakòkòrò kan. Ìṣesí wọn sàn fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ pòórá lẹ́yìn tí oògùn parí. Ní 2017, àwọn olùwádìí ní Arizona fi bakitéríà ìgbẹ́ àwọn tí ara wọn le sínú ọmọ 18. Inú wọn dẹ̀, ìṣesí wọn náà sì sàn. Iṣẹ́ méjèèjì tọ́ sí àkíyèsí. Nínú méjèèjì náà, gbogbo ọmọ ló gba oògùn, kò sí àwùjọ tó gba omi lásán tí a lè fi wọ́n wé. Ìdí nìyí tí Health Canada kò fi gba ẹnikẹ́ni láyè láti máa fi ìgbẹ́ wo ọ́tísíìmù, àfi nínú ìwádìí tí wọ́n fọwọ́ sí.

Àwọn tí kò dúró de ìwádìí ni mò ń bẹ̀rù. Ní 2005, ọmọ ọdún 5 kan kú ní Pennsylvania lẹ́yìn tí wọ́n fa oògùn kan sí i lára láti fi fọ ohun tí wọ́n pè ní májèlé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kálísíọ̀mù ara rẹ̀ ló fọ̀ lọ. Títí di òní, àwọn kan ń ta omi búlíìṣì fún òbí pé kí wọ́n rọ ọ́ sí ìdí ọmọ láti pa kòkòrò. Ẹ̀yin ìyá àgbà tó mọ bí a ṣe ń rọ ọmọ nílé, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín lọ síbẹ̀. Ohun tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò gbọdọ̀ dé ara ọmọ.

Kí ni ká ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú inú ọmọ náà gẹ́gẹ́ bí inú. Ọmọ tí kò lè sọ pé inú ń run mí lè máa gbá orí mọ́ ògiri, kó máa tẹ ikùn mọ́ etí àga, kó máa jí lóru, kó máa bu ara rẹ̀ jẹ. Kí a má sọ pé ọ́tísíìmù rẹ̀ ló tún dé. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ ohun tó jẹ sílẹ̀, ọjọ́ tó yàgbẹ́, bí ìgbẹ́ náà ṣe rí, àti bó ṣe sùn, kí ẹ sì gbé ìwé náà lọ bá dókítà rẹ̀. Àìrígbẹ́yà ní ìtọ́jú. Mímú ìrora kúrò kò ní mú ọ́tísíìmù kúrò, ṣùgbọ́n ọmọ tí inú kò run yóò sùn, yóò gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ, yóò rẹ́rìn-ín.

Ẹ má yọ wàrà, àlìkámà tàbí ẹyin kúrò nínú oúnjẹ ọmọ tó jẹ́ pé oúnjẹ márùn-ún péré ló ń jẹ, láìjẹ́ pé onímọ̀ nípa oúnjẹ bá yín dá sí i. Ẹ pe 811 láti ibikíbi ní Alberta, wọ́n á so yín pọ̀ mọ́ ọ̀kan. Ẹ lè máa gbé oúnjẹ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó fẹ́ràn, díẹ̀díẹ̀: ṣíbí ọ̀gì kan, ègé mọ́ínmọ́ín tí kò ju èékánná lọ. Kó kọ́kọ́ wò ó, kó gbóòórùn rẹ̀, kó fọwọ́ kàn án. Ó lè gba oṣù mélòó kan. Ẹ má fi ipá ṣe é.

Ẹ béèrè ẹ̀tọ́ yín. Alberta ní òfin ìrànlọ́wọ́ fún ìdílé ọmọ tó ní àléébù, FSCD ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, tó jẹ́ ọmọ Kánádà tàbí tó ní ìwé ìgbélùú tí kò lọ́jọ́, lè wọ̀ ọ́. Owó tí ẹlòmíràn fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín fún àyẹ̀wò ìtọ̀, ẹ fi gba olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ.

Èyí tó kù jẹ́ ti gbogbo wa pọ̀. Ní 2008, àwọn ìyá Sòmálíà ní Minneapolis bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdí tí ọmọ wọn fi pọ̀ nínú kíláàsì àwọn ọmọ ọ́tísíìmù. Wọn kò dákẹ́. Ní 2013, Yunifásítì Minnesota gbé èsì jáde: ọ̀kan nínú ọmọ Sòmálíà 32, ọ̀kan nínú ọmọ aláwọ̀ funfun 36, nọ́ńbà méjì tí kò jìnnà síra, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Sòmálíà tó ní in ni àìlera òye wọn pọ̀ jù. Àwọn ló béèrè ni wọ́n fi rí ìdáhùn. Gbogbo ìwádìí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ àwọn ọmọ tó ní ọ́tísíìmù tí mo kà fún yín lónìí, ní Australia, Ítálì, Gẹ̀ẹ́sì àti Arizona ni wọ́n ti ṣe wọ́n. Kò sí èyí tí wọ́n ṣe ní ilé tí wọ́n ti ń jẹ ọ̀gì, gàrí, irú àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Bí oúnjẹ bá ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí tó bí mo ti sọ, oúnjẹ wa gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ ìgbìmọ̀ yìí pé kó kọ̀wé sí àwọn olùwádìí Yunifásítì Calgary, kó ní kí wọ́n wá jókòó níbí, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń ṣe ní èdè tó yé wa, kí àwa náà sọ ohun tí à ń fẹ́ kí wọ́n wò. Kí àwọn òbí tó bá fẹ́ jẹ́ kí ọmọ wọn kópa mọ ẹ̀tọ́ wọn kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé. Kí nọ́ńbà fóònù òbí márùn-ún tó ti la ọ̀nà yìí kọjá wà lọ́wọ́ akọ̀wé, kí òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ èsì àyẹ̀wò ọmọ rẹ̀ lè rí ẹni pè lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Iṣẹ́ yìí kò ju agbára wa lọ, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la sì lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.